Awọ Ló Sọ Ọ́: Báńjò Olókùn Mẹ́fà nínú Orin Jùjú Àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ òpìtàn orin jùjú ló máa ń ti orí gìtá bẹ̀rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Báńjò olókùn mẹ́fà ni Túndé King, ọmọ Olówógbowó tí wọ́n bí ní 1910, fi ṣe aṣáájú orin náà l'Ékòó. Bí ti gìtá ni wọ́n ṣe ń to ohùn okùn rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ló bo ojú rẹ̀ bí ìlù. Awọ yẹn gan-an ni mo gbé àríyànjiyàn mi lé.

Ìró okùn máa ń pẹ́ lára gìtá onígi. Lórí awọ, á dún gooro, á sì kú kíá. Àwọn olórin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì mọ èyí dáadáa. Báńjò olókùn mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ wọn yàn, tí wọ́n to ohùn rẹ̀ sí G, D, A, E, ọ̀nà tí Barney McKenna ti ẹgbẹ́ The Dubliners sọ di gbajúmọ̀. Wọ́n á fi ike pélébé ta okùn kan lẹ́ẹ̀mẹta wéréwéré, kí àlàfo má baà ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ fi olókùn mẹ́fà bá wọn ṣeré gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ pa okùn tó nípọn lẹ́nu, kó gbé orin sórí àwọn tínńrín.

L'Ékòó, nínú ẹgbẹ́ King, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Lamidi George àti ìlù jùjú Ishola Caxton Williams ti dí àlàfo náà. Ohun tó kù fún báńjò ni kó bá ọ̀rọ̀ rìn. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ìró okùn bá fà gùn, á bo ohùn ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, òwe inú orin á sì di rúdurùdu. Ìró tó tètè kú fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ìdí nìyí tó fi bá orin ìyìn mu tó bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó ń dún ketekete lóde àríyá tí kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Òkun ló gbé ọgbọ́n ọwọ́ wá pẹ̀lú. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà tan ọ̀nà fífi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ta okùn ká etíkun: àtàǹpàkò di ìsàlẹ̀ mú, ìka kejì ń kọrin lókè. Orin náà gba èbúté kọjá. King fúnra rẹ̀ wọkọ̀ òkun ní 1939; ó yà sí Èkó ní 1941, ṣùgbọ́n ó tún lọ, kò sì padà wá títí di 1954.

Kó tó padà dé, Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú mìíràn tó fi báńjò kékeré bẹ̀rẹ̀, ti gbé gìtá oníná ní 1949. Báńjò kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n gìtá tó rọ́pò rẹ̀ ṣì ń ta gbólóhùn kúkurú léraléra, ó sì ń dákẹ́ kí gángan lè fèsì.