Pardonable Lies: Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Obìnrin Láàárín Àwọn Abókùúsọ̀rọ̀

Pardonable Lies ni ìwé ìtàn-àròsọ kẹta tí Jacqueline Winspear kọ nípa Maisie Dobbs, obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ Henry Holt ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, ṣùgbọ́n ọdún 1930 ni ìtàn inú rẹ̀ wáyé, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ti di ohun ọdún méjìlá sẹ́yìn. Bàbá kan wá bẹ Maisie pé kó bá òun fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ òun tí wọ́n ní ó kú sójú ogun kú lóòótọ́. Ìyá ọmọ náà kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ àwọn abókùúsọ̀rọ̀ ló ń lọ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Ìtàn inú ìwé náà

Agbẹjọ́rò àgbà ni Sir Cecil Lawton, ẹni tí ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ bí ẹni mowó. Ralph, ọmọ rẹ̀, jẹ́ atukọ̀ òfurufú nígbà ogun, ìròyìn sì dé ilé pé ó ti kú. Agnes, ìyá rẹ̀, yarí. Ó ń ti ọ̀dọ̀ abókùúsọ̀rọ̀ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, ọkàn rẹ̀ sì dàrú débi pé díẹ̀ ló kù kí ó ya wèrè. Nígbà tí ikú dé tòsí, ó mú kí ọkọ rẹ̀ ṣèlérí pé yóò wádìí ọ̀rọ̀ ọmọ àwọn. Ọkọ náà kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ́ tí a bá jẹ́ fún ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe ohun à ń gbójú fò. Ìdí nìyẹn tó fi wá sí ọ́fíìsì Maisie ní Fitzroy Square.

Ọ̀ràn yìí nìkan kọ́ ló wà lọ́rùn Maisie. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan, Avril Jarvis, wà ní àtìmọ́lé lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, àwọn ọlọ́pàá sì ní kí Maisie wá bá a sọ̀rọ̀, bóyá yóò lanu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ láti Girton College, Priscilla Evernden, náà ní ẹ̀dùn tirẹ̀: ọkùnrin mẹ́ta ni àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ogun sì pa gbogbo wọn. Bí ìwádìí ṣe ń lọ, ó hàn pé ọ̀kan nínú wọn ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Ralph Lawton. Ọ̀nà gbé Maisie dé ilẹ̀ Faransé, dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà ogun, níbi tí àdó olóró ti balẹ̀ sáàárín àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, tó ṣe é léṣe, tó sì sọ Simon Lynch, dókítà tí Maisie fẹ́ràn, di ẹni tí kò mọ ẹnìkan mọ́. Ó tún rí i pé Maurice Blanche, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kò sọ gbogbo òtítọ́ fún òun.

A kò ní tú ìparí rẹ̀ síta níhìn-ín. Orúkọ ìwé náà ti fi tó òǹkàwé létí pé irọ́ kan tó ṣeé foríjì ń bọ̀.

Ìbókùúsọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú 1930

Ìtàn ìbókùúsọ̀rọ̀ òde òní bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 1848, àwọn ọmọbìnrin méjì kan nínú ìdílé Fox, Margaret àti Kate, sọ ní Hydesville ní ìpínlẹ̀ New York pé òkú kan ń kan ògiri ilé àwọn, ó sì ń dáhùn bí àwọn bá bi í ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́, ó sì sọdá òkun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìpẹ́. Ní 1888, Margaret dúró lójú ọ̀pọ̀ èrò ní ìlú New York, ó jẹ́wọ́ pé oríkèé ìka ẹsẹ̀ ni àwọn ń fi dún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ìjẹ́wọ́ náà kò paná ìgbàgbọ́ yìí, nítorí àwọn tó nílò rẹ̀ kì í wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ogun 1914 sí 1918 ló sọ ọ́ di ohun gbogbo ilé. Kì í ṣe iye àwọn tó kú nìkan ló fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò rí òkú wọn sin. Wáyà tàbí lẹ́tà ni yóò dé, tí yóò ní ọmọkùnrin náà sọnù, tí wọ́n sì gbà pé ó ti kú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún pinnu pé àwọn kò ní gbé òkú ọmọ ogun padà wálé, níbi tí wọ́n kú sí náà ni wọ́n máa sin wọ́n sí. Orúkọ àwọn tí kò ní sàréè ni wọ́n fín sára òkúta: ó lé ní 54,000 lára ẹnubodè Menin ní Ypres, èyí tí wọ́n ṣí ní 1927; ó lé ní 72,000 lára ilé ìrántí Thiepval, èyí tí wọ́n ṣí ní 1932. Nígbà tí Sir Cecil jókòó níwájú Maisie, wọn kò tíì ṣí Thiepval.

Yorùbá ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Lójú òǹkọ̀wé àyọkà yìí, ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìwé Winspear dá lé. Agnes Lawton kì í ṣe òmùgọ̀. Wọn kò fún un ní òkú tí yóò sun ẹkún sí ni. Ẹni tó bá sì wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ti rí i mú.

Àwọn tó gbà á gbọ́ kì í ṣe púrúǹtù. Sir Oliver Lodge, onímọ̀ físíìsì tó jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Birmingham, pàdánù ọmọ rẹ̀ Raymond lójú ogun ní oṣù kẹsàn-án 1915. Nígbà tó di 1916, ó ti gbé ìwé Raymond jáde, níbi tó ti ròyìn ohun tó ní ọmọ náà sọ láti ẹnu abókùúsọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ Gladys Osborne Leonard. Ìwé náà tà wàràwàrà. Sir Arthur Conan Doyle, ẹni tó dá Sherlock Holmes sílẹ̀, ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ kí ó tó kéde ìgbàgbọ́ rẹ̀ lásìkò ogun. Kingsley ọmọ rẹ̀, tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun Somme, kú ní oṣù kẹwàá 1918 lọ́wọ́ àìsàn infulúẹ́ńsà. Doyle ná owó àti agbára lórí ìwàásù káàkiri ayé, ó sì kọ The Land of Mist ní 1926 láti gbe ìbókùúsọ̀rọ̀ lẹ́yìn nínú ìtàn-àròsọ. Ẹni tó kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń fi ẹ̀rí tú àṣírí ni ẹni yìí o.

Ọdún tí Winspear mú fún ìtàn rẹ̀ wá bá a mu gan-an. Doyle kú ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1930. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pé jọ sí Royal Albert Hall, wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún un lórí pèpéle, abókùúsọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ Estelle Roberts sì sọ pé òun rí i níbẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, ọkọ̀ òfurufú ńlá R101 já lulẹ̀ nítòsí Beauvais ní ilẹ̀ Faransé, ènìyàn 48 nínú 54 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Harry Price, olùwádìí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀mí, jókòó pẹ̀lú Eileen Garrett ní Lọ́ńdọ̀nù. Doyle ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀gá ọkọ̀ R101 ló gba ẹnu obìnrin náà sọ̀rọ̀. Sáàárín irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni Winspear gbé Maisie sí, pẹ̀lú ìwé ìwádìí rẹ̀ lọ́wọ́.

Òfin kò fara mọ́ iṣẹ́ àwọn abókùúsọ̀rọ̀. Òfin àwọn alárìnkiri ti 1824 fún ọlọ́pàá lágbára láti mú ẹni tó ń díbọ́n pé òun mọ ọjọ́ iwájú, òfin àjẹ́ ti 1735 sì tún wà nílẹ̀. Òfin 1735 yìí ni wọ́n fi rán abókùúsọ̀rọ̀ kan, Helen Duncan, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án ní 1944. Ọdún 1951 ni ilé aṣòfin fagi lé e, tí wọ́n sì ṣe òfin tuntun tó dojú kọ kìkì àwọn abókùúsọ̀rọ̀ tó ń lu jìbìtì.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin

Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe àrà tuntun nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1864 ni The Female Detective tí Andrew Forrester kọ ti wà. Lóde ayé, ilé-iṣẹ́ Pinkerton gba Kate Warne síṣẹ́ ní Chicago ní 1856, Maud West sì ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1905. Nítorí náà Winspear kò purọ́ mọ́ ìtàn.

Bí Maisie ṣe dé ibẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ọmọ ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ àti èso lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní Lambeth ni. Ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ sì fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Lady Rowan Compton. Wọ́n bá a lóru níbi tó ti ń jí ìwé kà nínú yàrá ìkàwé. Dípò kí wọ́n lé e, wọ́n fà á lé Blanche lọ́wọ́, ó sì kàwé títí ó fi wọ Girton, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ní Cambridge. Bó tilẹ̀ parí níbẹ̀, yunifásítì náà kò ní fún un ní oyè kan náà tí ọkùnrin ń gbà, nítorí 1948 ni wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún obìnrin. Ó purọ́ ọjọ́ orí kí wọ́n lè gbà á sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lójú ogun. Billy Beale, igbákejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, jẹ́ ọmọ ogun tí Maisie ti tọ́jú rí.

Àwọn òǹkọ̀wé tó gbé láyé ní 1930 gan-an kò fi ọwọ́ tó tutù bíi ti Winspear mú àwọn abókùúsọ̀rọ̀. Nínú Strong Poison tí Dorothy L. Sayers gbé jáde lọ́dún náà, Miss Climpson, obìnrin àgbà kan tí kò lọ́kọ, di abókùúsọ̀rọ̀ ẹ̀tàn kí ó lè tan nọ́ọ̀sì kan tó gba ẹ̀mí gbọ́, kí wọ́n sì rí ìwé ìhágún tó pamọ́. Agolo ọṣẹ tó so mọ́ ẹsẹ̀ ló fi ń dún bí òkú tó ń dáhùn. Ẹ̀rín ni ó pa òǹkàwé. Ní 1931, Agatha Christie bẹ̀rẹ̀ The Sittaford Mystery pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó jókòó yí tábìlì ká nígbà tí yìnyín bo Dartmoor. Tábìlì náà sọ fún wọn pé wọ́n ti pa Captain Trevelyan, òótọ́ sì ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Emily Trefusis, ló lé ọ̀rọ̀ náà bá kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ má bàa forí fá a. Fún Christie, ìpè ẹ̀mí jẹ́ aṣọ tí apànìyàn fi bojú.

Ṣé abókùúsọ̀rọ̀ ni Maisie fúnra rẹ̀?

Ibi tí àwọn òǹkàwé kò ti fohùn ṣọ̀kan nìyí. Maisie máa ń dúró jẹ́ẹ́ nínú yàrá tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, yóò dọ́gba pẹ̀lú bí ẹlòmíràn ṣe jókòó kí ó lè mọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn rẹ̀, nígbà mìíràn yóò sì dà bíi pé ohun kan tí kò hàn sójú fọwọ́ kàn án. Khan, afọ́jú àgbàlagbà kan láti Ceylon, ló kọ́ ọ bí a ṣe ń mú ọkàn dákẹ́. Àwọn kan gbà pé agbára ẹ̀mí ni èyí, pé Winspear fẹ́ kí òǹkàwé gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ̀kọ́ Blanche ló so èso, pé ìfarabalẹ̀ wo ènìyàn lásán ni, àti pé ẹni tó ti tọ́jú ọmọ ogun tó ń kú lọ mọ ohun púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀mí kan sọ fún un. Ọ̀rọ̀ inú ìwé lè gbe ọ̀nà méjèèjì, ó sì ṣeé ṣe kí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ fi í bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé Maisie kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ìlérí pé òun gbọ́ ohùn òkú, àti pé kò fi àwọn abókùúsọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yà wọ́n sọ́tọ̀: àwọn kan ń lu jìbìtì, àwọn kan gba ara wọn gbọ́.

Ìwé náà àti òǹkọ̀wé rẹ̀

Ọmọ Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Winspear, wọ́n bí i ní 1955, ó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1990. Bàbá bàbá rẹ̀ fara gbọgbẹ́ ní Somme ní 1916. Ìwé àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ náà, Maisie Dobbs, jáde ní 2003, ó sì gba ẹ̀bùn Agatha fún ìwé àkọ́kọ́ tó dára jù. Birds of a Feather, ìkejì, gba ti ìwé tó dára jù lọ. Pardonable Lies ní tirẹ̀ gba ẹ̀bùn Sue Feder fún ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ayé àtijọ́ ní 2006. The Comfort of Ghosts, ìwé kejìdínlógún, ló kádìí ọ̀wọ́ náà ní 2024. Ẹni tó bá fẹ́ ka Pardonable Lies, kó kọ́kọ́ ka Maisie Dobbs, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Maisie àti Simon Lynch ní ilẹ̀ Faransé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrìn-àjò inú ìwé kẹta kò ní fi bẹ́ẹ̀ yé e.