Vakhtang Kikabidze

Vakhtang Kikabidze (19 Oṣù Keje 1938 – 15 Oṣù Kìíní 2023), tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Buba, jẹ́ olórin, òṣèré àti olùdarí fíìmù ọmọ orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, ilẹ̀ olókè tó wà ní agbègbè Káúkásù. Láyé Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì, òkìkí rẹ̀ kàn kọjá ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí ó ń kọrin ní èdè Jọ́jíà àti ní èdè Rọ́ṣíà.

Tbilisi, olú-ìlú Jọ́jíà, ni wọ́n bí i sí. Ìdílé Bagrationi, tó jọba lórí ilẹ̀ náà láyé àtijọ́, ni ìyá rẹ̀ Manana ti wá, akọrin sì ni obìnrin náà. Akọ̀ròyìn ni baba rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ló gba ẹ̀mí rẹ̀ nígbà tí Buba ṣì kéré.

Ní 1966 ó wọ ẹgbẹ́ Orera, níbi tó ti ń lu ìlù tó sì ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nani Bregvadze. Àjogúnbá àwọn ará Jọ́jíà ni orin olóhùn mẹ́ta, tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń tọ ọ̀nà tirẹ̀, tí wọ́n sì ń pàdé níkẹyìn. Orera mú un, wọ́n pò ó mọ́ jáàsì. Láàárín irú àwọn akọrin bẹ́ẹ̀, ohùn Kikabidze dá yàtọ̀. Kì í ṣe ohùn gooro rárá. Ó há díẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Á wí ìlà kan bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ni á tó fi orin gbé e. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bùn rẹ̀ wà. Ẹ gbọ́ orin rẹ̀ nípa ọjọ́ orí, tí Robert Rozhdestvensky kọ ewì rẹ̀, tí Georgy Movsesyan fi ohùn sí: kò pariwo níbì kankan, síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ló dé etí.

Olùdarí fíìmù Georgiy Daneliya ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ òṣèré. Lẹ́yìn tó fi í ṣe dókítà nínú fíìmù kan ní 1969, ó fún un ní ipa Valiko nínú “Mimino” (1977). Hẹlikọ́pítà ni Valiko ń wà láàárín àwọn abúlé orí òkè, ṣùgbọ́n bàálù ńlá tó ń lọ sókè òkun ló wù ú. Ní Mọsko, òun àti awakọ̀ akẹ́rù kan láti Àméníà, tí Frunzik Mkrtchyan ṣe, jọ wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan náà. Nígbà tí ọwọ́ Valiko tẹ bàálù ńlá, ó fẹ́ pe ilé ní Telavi láti òkèèrè, àmọ́ Tel Aviv ni wọ́n so ó mọ́. Ọmọ Jọ́jíà kan tó ti ṣí lọ sí Ísírẹ́lì ló gbé fóònù. Àwọn méjèèjì tí kò mọ ara wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ilé wọn pọ̀ lórí fóònù. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn wúrà níbi àjọ̀dún fíìmù Mọsko lọ́dún náà. Orin “Chito-gvrito” inú rẹ̀, tí Giya Kancheli ṣe, kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn mọ́.

Kikabidze náà darí fíìmù mélòó kan.

Ní 2008, nígbà tó pé àádọ́rin ọdún, ìjọba Rọ́ṣíà fẹ́ fi oyè Ọ̀rẹ́ dá a lọ́lá. Ogun Rọ́ṣíà àti Jọ́jíà bẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ. Nítorí ogun náà, ó kọ oyè ọ̀hún, kò sì kọrin ní Rọ́ṣíà mọ́. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹni tó dá ogun náà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé kalẹ̀ sọ ní 2009 pé ìbọn àgbá tí Jọ́jíà yìn sí ìlú Tskhinvali ní South Ossetia ló sọ ọ́ di ogun gidi, ṣùgbọ́n pé ìtọ́jà ti ń ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́, pé Rọ́ṣíà sì kọjá ààyè rẹ̀. Ìjọba Jọ́jíà ìgbà náà ní àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ti ń wọlé ṣáájú. Ìhà tí Kikabidze wà kò fara sin: ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló gbè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Rọ́ṣíà ni ọ̀pọ̀ àwọn olólùfẹ́ orin rẹ̀ wà.

Nínú ìdìbò 2020, orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú lórí àkójọ àwọn olùdíje ẹgbẹ́ alátakò United National Movement. Ó kú ní Tbilisi lẹ́ni ọdún 84.