Mímú Ara Gbóná Kí A Tó Gbé Irin

Mímú ara gbóná ni ìdárayá fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹni tó fẹ́ gbé irin ń kọ́kọ́ ṣe, kí iṣan, oríkèé àti ọkàn rẹ̀ má baà bá ẹrù ńlá pàdé lójijì. Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò, ní sàkání Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ooru lè mú kéèyàn rò pé ara òun ti gbóná kó tó dé jíìmù.

Òógùn kọ́ ni ẹ̀rí. Ẹni tó wọ dáńfó láti Mile 2, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Bàdágìrì dá dúró, lè sọ̀kalẹ̀ ní Okokomáíkò pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó rin gbingbin, síbẹ̀ kí ìbàdí rẹ̀ ti gan lórí ìjókòó. Awọ ara ni òógùn ń tù lára. Iṣan ní tirẹ̀, iṣẹ́ ló ń mú un gbóná: ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ níbẹ̀, agbára á tètè jáde, àṣẹ ọpọlọ á sì yára dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 tó láti fo okùn tàbí rìn kánmọ́kánmọ́, láti ju apá yípo, láti lóṣòó kéèyàn sì dìde lọ́wọ́ òfo. Nína iṣan sójú kan ju ìṣẹ́jú kan lọ lè dín agbára rẹ̀ kù fúngbà díẹ̀. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni kó wà.

Ó wá kan irin gan-an. Ẹni tó fẹ́ gbé kílò 80 lè fi ọ̀pá lásán, tó jẹ́ kílò 20, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó gbé 40 lẹ́ẹ̀márùn-ún, 60 lẹ́ẹ̀mẹta, 70 lẹ́ẹ̀kan, kó tó kan 80. Ìṣirò yìí rọrùn níbi tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n sára irin. Nínú àgbàlá tí wọ́n ti da símẹ́ńtì sínú garawa ọ̀dà, tí wọ́n wá ki páìpù bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: símẹ́ńtì kò ṣeé yọ díẹ̀díẹ̀, apá kan sì lè wúwo ju ìkejì lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n. Páìpù lásán, tàbí èyí tí wọ́n fi agolo mílíìkì dà, ni kí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ojú ń tì wọ́n.

Àwọn tó ń fi irin gbígbé jẹun kì í fo mímú ara gbóná. Nínú irú ìdíje tí Rafiatu Folashade Lawal ti gba wúrà fún Nàìjíríà ní Birmingham ní 2022, tó gbé àpapọ̀ kílò 206 ní ìsọ̀rí kílò 59, yàrá kan wà lẹ́yìn pèpéle fún mímú ara gbóná. Kóòṣì á máa ka iye ìgbà tí àwọn mìíràn máa gbé irin kí wọ́n tó pe ẹni tirẹ̀. Bí mímú ara gbóná bá yá jù, ara á tutù kí wọ́n tó pè é. Bó bá pẹ́ jù, èémí á kúrú. Bákan náà ló rí nínú àgbàlá: níbi tí páìpù ti jẹ́ ẹyọ kan péré, tí èèyàn mẹ́fà ń dúró dè é, ẹni tó bá ti jókòó pẹ́ gbọ́dọ̀ tún gbé èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó bọ́ sídìí èyí tó wúwo.