Òpó Ìrántí Ogun ti Abúlé Mells

Abúlé kan ni Mells ní ìgbèríko Somerset, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ England, kò sì jìnnà sí ìlú Frome. Ìdílé Horner ni ó ti ń jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí bàbá ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ, títí ogun fi dé. Létí títì tó gba àárín abúlé náà kọjá ni òpó òkúta kan wà, tí ère George Mímọ́ tó ń pa dírágónì dúró sórí rẹ̀, tí wọ́n sì fín orúkọ àwọn ọkùnrin abúlé tó bá Ogun Àgbáyé Kìíní lọ láàárín 1914 sí 1918 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Edwin Lutyens, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán-ilé tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní England nígbà náà, ni ó ya bí òpó náà yóò ṣe rí, wọ́n sì ṣíṣọ lójú rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Òkúdù 1921.

Ìdí tí abúlé kékeré fi nílò irú nǹkan báyìí kò lè yéni bí a kò bá mọ ibi tí òkú àwọn ọmọ ogun náà sùn sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ìdílé tó bá lówó tó sì lẹ́nu láwùjọ lè rí ọ̀nà gbé òkú ọmọ rẹ̀ wálé láti France. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ̀yìn irú wọn ni aṣòfin ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ William Gladstone, ọmọ-ọmọ olórí ìjọba àtijọ́ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹni tí wọ́n pa ní oṣù Igbe 1915, tí ọba sì fọwọ́ sí i kí wọ́n gbé e lọ sin sí Hawarden ní Wales. Mẹ̀kúnnù kò ní ẹni tí yóò bá a bá ọba sọ̀rọ̀, nítorí náà àwọn aláṣẹ fi òfin dè é pé kí wọ́n má gbé òkú ẹnikẹ́ni wálé mọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ọlọ́lá tàbí ọmọ alágbàṣe. Àjọ tó ń bójútó sàréè àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, di òfin náà mú lẹ́yìn ogun, ó sì fi kún un pé òkúta orí sàréè ọ̀gágun kò gbọdọ̀ ju ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Lutyens gan-an wà nínú àwọn ayàwòrán-ilé àgbà mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ fún àjọ náà, òun pẹ̀lú Herbert Baker àti Reginald Blomfield. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ sùn sí France kò wá ní sàréè kankan nítòsí tí yóò gbé òdòdó sí, ìdí nìyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlú àti abúlé fi gbé òkúta kalẹ̀ láàárín ara wọn dípò sàréè. Àgbélébùú ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn yàn, Lutyens fúnra rẹ̀ sì ya àgbélébùú kan tí abúlé bíi mélòó kan lò, ṣùgbọ́n Mells kò gba ọ̀nà yẹn.

Lutyens kì í ṣe àlejò ní abúlé náà. Frances Horner, ìyàwó onílẹ̀, jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ayàwòrán-ilé náà sì ti ń bá ìdílé rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí ogun tó bẹ́. Ọ̀fọ̀ sì ti mọ ilé náà tẹ́lẹ̀, nítorí àìsàn ti pa Mark, ọmọkùnrin wọn kékeré, ní 1908. Ọmọbìnrin wọn, Katharine, fẹ́ Raymond Asquith, àkọ́bí H. H. Asquith tó jẹ́ olórí ìjọba láti 1908 títí di òpin 1916. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1916, nínú ogun tí wọ́n jà lẹ́bàá odò Somme, ìbọn ba Raymond, ó sì kú nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí àga ìjọba, tí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà láyé. Ní 1917, iná jó Mells Park, ilé ńlá ìdílé Horner. Ní oṣù Bélú ọdún kan náà ni Edward, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún wọn, kú lójú ogun nítòsí Cambrai. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá, Katharine pàdánù ọkọ, ó sì pàdánù arákùnrin kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un, kò sì sí ọmọkùnrin kankan mọ́ tí yóò jẹ́ àrólé bàbá rẹ̀.

Ní 1919, Lutyens bá àwọn ẹni pàtàkì abúlé rìn káàkiri láti wá ibi tí òkúta ìrántí náà yóò gbé dúró, ó sì hàn nínú ohun tó sọ lẹ́yìn ìrìn náà pé ohun tó wọ̀ ọ́ lára jù ni pé ogun ti pa gbogbo ọ̀dọ́kùnrin àwọn tí ó bá rìn. Etí títì ni wọ́n yàn níkẹyìn, wọn kò gbé e sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìpinnu náà sì bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kò lè ṣe kó má gba ibẹ̀ kọjá.

Ní ẹ̀gbẹ́ òpó náà lọ́tùn-ún àti lósì ni wọ́n mọ ògiri òkúta sí, òkúta àdúgbò náà tí wọn kò gbẹ́ dán, wọ́n sì gbin igi yew sí orí ògiri, igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ dà nù nígbà òtútù, tí àwọn ará England sì ti máa ń gbìn sí itẹ́ òkú láti ayébáyé. Ìjókòó òkúta kúkúrú yọ jáde lára ògiri náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbé adé òdòdó wá yóò rí ibi gbé e sí. Orí òpó fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrántí wà, èyí tí Robert Bridges, akéwì ọba nígbà náà, kọ. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu àwọn òkú fúnra wọn, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń sọ ibi tí àwọn kú sí fún ẹni tó ń kọjá.

Ère tó wà lókè ló yẹ kó múni ronú jù. George ni ẹni mímọ́ tí England fi ṣe alábòójútó orílẹ̀-èdè, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì sọ pé ó gba ọmọ ọba kan lọ́wọ́ dírágónì, ejò abàmì tó ní ìyẹ́. Lutyens gbé George kan náà sórí òpó ní ìlú Hove pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà ogun, ìjọba ti ya George àti dírágónì rẹ̀ sára ìwé ìpolówó tí wọ́n fi ń pe àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n wá wọṣẹ́ ológun. Ẹni tí wọ́n fi pe àwọn ọmọ náà lọ sójú ogun ni wọ́n tún gbé sórí orúkọ wọn lẹ́yìn tí wọ́n kú, kò sì dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ohun tó burú nínú ìyẹn ní 1921.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Andrew Mímọ́ tó wà ní abúlé yìí kan náà, Lutyens ṣe ohun ìrántí méjì mìíràn, tí wọ́n jẹ́ ti ìdílé. Ti Raymond jẹ́ adé ewé tí wọ́n fi idẹ rọ, tí Eric Gill sì gbẹ́ ọ̀rọ̀ Látìn sí ara ògiri lábẹ́ rẹ̀. Ti Edward tóbi gan-an: ère ọ̀dọ́mọkùnrin lórí ẹṣin, iṣẹ́ Alfred Munnings tí àwòrán ẹṣin sọ di olókìkí, lórí ìpìlẹ̀ òkúta tí Lutyens yà, tí wọ́n sì kan àgbélébùú igi tó kọ́kọ́ wà lórí sàréè rẹ̀ ní France mọ́ ara òkúta náà. Ère ẹlẹ́ṣin náà dára púpọ̀, àmọ́ ọlọ́lá nìkan ló lè ní irú rẹ̀. Lẹ́bàá títì, ọmọ olórí ìjọba kò ní ju orúkọ lọ láàárín orúkọ àwọn ará abúlé, òfin ọgbọọgba tí Lutyens bá àjọ sàréè ṣiṣẹ́ lé lórí sì hàn níbẹ̀ ju bó ti hàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Arthur Asquith, àbúrò Raymond, ọ̀gágun tí ogun náà gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó ṣíṣọ lójú òpó náà. Nígbà tí ogun kejì parí, wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ kún ara ògiri fún orúkọ àwọn tó kú nínú rẹ̀. Siegfried Sassoon, akéwì tó jagun, tó sì fi ìwé ta ko ogun náà ní gbangba ní 1917, ni wọ́n sin sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Mells ní 1967. Ní 2015, wọ́n ka òpó yìí mọ́ àwọn òkúta ìrántí ogun 44 tí Lutyens gbé kalẹ̀ ní England, tí ìjọba sì dá mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àkójọ orílẹ̀-èdè. Òfin ti dáàbò bò ó débi pé àwọn ará abúlé fúnra wọn kò lè yí ohunkóhun padà lára rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ.