Àpótí Kékeré, Ohùn Gbẹ̀du

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu àgídìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àgídìgbó yóò rí i pé àpótí lásán ni, a dá ihò sí i, a sì de ahọ́n irin mọ́ ọn lójú. Síbẹ̀ ohùn tí ń ti inú rẹ̀ jáde kì í ṣe ohùn kékeré, nítorí pé atẹ́gùn inú àpótí ń bá irin ṣiṣẹ́. Ìtàn sípíkà kò yàtọ̀ sí èyí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 1935, ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fa ohùn Lọ́ńdọ̀nù wọ ilé àwọn ará Èkó. Àpótí tí ń sọ̀rọ̀ nínú ilé náà ni àwọn ènìyàn wa sọ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì fẹ́ àpótí ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àyìndé Bákàrè fi gìtá oníná sínú orin jùjú ní 1949, ọ̀ràn di ti ìlù àti gìtá, ohùn ìsàlẹ̀ sì ní láti mi àyà àwọn tí ń jó.

Kí ló dé tí ohùn ìsàlẹ̀ fi ṣòro? Nígbà tí ojú sípíkà bá ti atẹ́gùn síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa fà á, èkíní a sì pa èkejì. Àpótí ni a fi ń yà wọ́n. Ìgbì ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí àpótí bá sì kéré jù, atẹ́gùn inú rẹ̀ a le bí bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ kún, a sì dá ojú sípíkà padà kí ó tó rìn jìnnà.

Ní Amẹ́ríkà, Thuras gba ìwé ẹ̀rí ìjọba ní 1932 lórí àpótí tí a dá ihò sí, kí atẹ́gùn ẹnu ihò náà lè ran sípíkà lọ́wọ́. Ní 1954, Villchur gba ọ̀nà mìíràn: ó dé àpótí pa pátápátá, ó mú kí etí sípíkà rọ̀, ó sì sọ atẹ́gùn inú àpótí di sípíríìngì. Báyìí ni ohun tí à bá gbé kalẹ̀ bí kọ́bọ́ọ̀dù ṣe di ohun orí pẹpẹ. Ní 1961, Thiele, ará Ọsirélíà, gbé ìṣirò jáde tí a fi ń wọn àpótí olíhò mọ́ sípíkà inú rẹ̀. Small sì tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Hofmann ni ó là á yé wa pé nínú àpótí kékeré, ohùn jíjinlẹ̀ àti iná díẹ̀, méjì péré ni a lè mú. Bí a bá gé àpótí sí ìdajì tí a kò sì fẹ́ kí ohùn gòkè, ìlọ́po méjì iná ni yóò jẹ. Bí a bá ní kí àpótí kan náà sọ ohùn tí ìgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Níbi tí a ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé òde àríyá, ìṣirò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Èyí ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé Ọ̀jọ́. Láti ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1970 ni ọjà Alábà ti wà níbẹ̀, níbi tí olórin, onínàwó, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti ń ra sípíkà, tí káfíńtà sì ń kan àpótí. Ní 1983 ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ kan náà, ó múlé ti Ìbà àti Okokomaíkò. Káfíńtà tí ó bá wo àpótí oníàpótí kàn án láì wọn sípíkà tirẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò máa dún wúúwúú, kò ní mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìṣirò tí kò mọ ayùn dì mú, kò ní ohun tí a ó gbọ́ rárá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí a rìn láti yunifásítì dé ọjà. Ọ̀nà náà kò jìn.