Àrùn Ni Wèrè: Ìtàn Ìtọ́jú Àrùn Orí Láti Ilé Awo Dé Aro

Ọ̀rọ̀ àrùn orí la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní àgbo o. Ewé kì í ṣe ohun tí à ń pín lójú ìwé. Ìtàn la fẹ́ sọ: bí ohun tí àwọn baba wa kà kún àrùn ṣe di ohun tí ìjọba kà kún ọ̀ràn ọlọ́pàá, bí ó ṣe tún ń padà di àrùn, àti ibi tí àwa awo dúró sí nínú rẹ̀. A mọ̀ pé inú àwọn kan láàárín wa ò ní dùn sí apá kan nínú ohun tí a máa sọ. Bó ti wù kó rí, a ó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí a bá dá'fá fún ẹni tó wá, tó bá jẹ́ pé ibi ló hàn, ìbò la fi ń bèèrè irú ibi tó jẹ́. Ikú ni? Àrùn ni? Òfò ni? Ìjà ni? Nílé tiwa, a kì í ya ìbéèrè kan sọ́tọ̀ fún wèrè ká tó bèèrè àrùn. Bí a bá sì ka àwọn ajogun, ìyẹn Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe, abẹ́ Àrùn ni wèrè bọ́ sí, pẹ̀lú ibà, pẹ̀lú làkúrègbé, pẹ̀lú inú rírun. (Ẹ̀gbà nìkan ni àìsàn tó ní ìjókòó tirẹ̀ láàárín wọn, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ tó ohun tí a lè kọ odindi àpilẹ̀kọ lé lórí.) Ọ̀ràn àti Ẹ̀wọ̀n dá dúró. Kí olùkàwé fi èyí sọ́kàn, torí nígbà tí òyìnbó dé, inú Ọ̀ràn àti Ẹ̀wọ̀n ló kó wèrè sí.

Àwọn baba wa ò sì da gbogbo àrùn orí pọ̀. Asínwín ni ti ẹni tí orí rẹ̀ ṣàdédé dàrú, tó ń pariwo, tí kò sùn. Wèrè ni èyí tó ti pẹ́ lára. Wèrè aláṣọ ni ti ẹni tó ṣì ń wọṣọ, tó ń nájà, tó ń kí èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n tí àwọn tó bá a gbélé mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Abisínwín ni ti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Dìndìnrìn ni ti ẹni tí òye rẹ̀ ò tó láti kékeré. Ìyẹn kì í ṣe wèrè rárá, ẹni tó bá sì ń fún dìndìnrìn ní àgbo wèrè, ìyà ló fi ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Wárápá lọ́tọ̀, arúgbó tó ń ṣarán náà lọ́tọ̀. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro ní ìparí àwọn ọdún 1950, tó sì padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 láti jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí sínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1964. A kí i kú iṣẹ́. Ó kàn jẹ́ pé àwa fúnra wa ló yẹ ká ti kọ wọ́n sílẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká dúró lé. Ọbalúayé, tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ kejì gbàùgbàù, òun ni àwọn àgbà mọ̀ pé ó ń fi ilẹ̀ gbígbóná jà, òun náà ni wọ́n sì sọ pé ó lè fi wèrè jà. Ẹni tí kò bá ronú á ní àwọn nǹkan méjì tí kò tan mọ́ra ni wọ́n so pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti ẹni tí ibà ńlá mú rí mọ̀ pé tí ara bá gbóná débì kan, ẹnu á máa sọ ìsọkúsọ, ojú á máa rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí. Àwọn àgbà ti rí i pé ara gbígbóná àti orí dídàrú ń bá ara wọn rìn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìsìn òrìṣà yìí. Àrùn náà fúnra rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1970, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé. Ìmọ̀ tó so ibà mọ́ orí ni kò yẹ kó bá a lọ.

Ká wá bọ́ sí ti ìjọba. Wọ́n ṣí ilé wèrè ti Calabar ní 1904, ti Yaba l'Ékòó tẹ̀lé e ní 1907. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1916 fún adájọ́ lágbára láti ní kí wọ́n lọ ti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú mọ́lé. Ẹ wò ó dáadáa: adájọ́, ọlọ́pàá, wọ́dà. Ti dókítà ni pé kó fọwọ́ sí ìwé. Bí ilé wèrè bá kún, wọ́n a kó àwọn tó kù sí ọgbà ẹ̀wọ̀n gidi. Dókítà Cunyngham Brown wá láti Ìlú Ọba ní 1936 láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ìjábọ̀ rẹ̀ tó jáde ní 1938 ò sì yìn wọ́n rárá. Lantoro ní Abẹ́òkúta, tó di ilé wèrè ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Àwọn sójà tí orí wọn dàrú nígbà ogun Hitler wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, ilé oníṣègùn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé èèyàn wọn lọ. Ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n á bá a jókòó síbẹ̀, á máa dáná fún un. Nǹkan kékeré lèyí jọ, ṣùgbọ́n òun gan-an ló padà wá di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ńlá.

Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó gba ìṣàkóso ilé ìwòsàn tuntun ní Aro ní 1954. Kò dúró kí gbogbo yàrá pé. Ó lọ bá àwọn àgbà abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó ní kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Àdéhùn rẹ̀ ò le: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa se oúnjẹ, láti máa fọṣọ, láti máa mú un lọ gba ìtọ́jú kí wọ́n sì jọ padà sílé. Àwọn onílé ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn, ilé ìwòsàn náà sì ń bá abúlé rí sí omi tó mọ́, ṣálángá àti ẹ̀fọn. Ẹ má fojú fo ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti ṣálángá yẹn. Ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún orí ló ń lé ibà àti ìgbẹ́ gbuuru kúrò ní abúlé.

Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà kan nígbà náà kà á sí ìwà àìlọ́wọ̀ sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Láàárín tiwa náà, títí dòní, a ṣì ń gbọ́ ẹni tó ń sọ pé ó kàn wá jí ọgbọ́n àwọn baba wa gbé lọ sí òkè òkun ni. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jí ọgbọ́n kì í pe ọlọ́gbọ́n jókòó lójú gbogbo ayé. Ní 1961, Abẹ́òkúta yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun ti ṣe ìpàdé ńlá wọn. Lambo fi Aro sílẹ̀ ní 1963, Tọ́lání Asuni gba ipò rẹ̀. Lambo dé ipò igbákejì olùdarí àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé kó tó papòdà ní 2004.

Ọ̀rọ̀ ewé kan pọn dandan níbí. Gbogbo yín lẹ mọ asofẹ́yẹjẹ. Ní 1952, àwọn òyìnbó yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine jáde lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà, tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ ti ń lò láti ayébáyé. Èròjà yìí wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà. Kò pẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi reserpine tọ́jú wèrè, ní 1960 ni Prince sì kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ṣe ń lo egbòogi wọn. Ìyẹn dùn mọ́ wa, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n oògùn kan náà yìí ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ẹni tí agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tí ebi ti tán lókun, lè ṣubú lulẹ̀ tó bá mu ún. Bó bá pẹ́ lára, ó lè mú ọwọ́ gbọ̀n, ó sì lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le bá ẹlòmíràn. Ẹni tí a rí tó jókòó jẹ́ẹ́ ní kọ̀rọ̀, tí a ń sọ pé orí rẹ̀ ti balẹ̀, ó lè jẹ́ pé inú ìbànújẹ́ ló rì sí. Ẹni tí kò bá lè yẹ ara wò kó má fọwọ́ kan orí.

Ìbànújẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ti sọ nígbà kan pé adúláwọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní. Dókítà Carothers kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ ní 1953. Alexander Leighton, Lambo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Cornell lọ láti abúlé dé abúlé ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, ìwé wọn sì jáde ní 1963. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì kún ẹnu àwọn èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pe gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ara ni Yorùbá fi ń sọ ọ́. 'Ọkàn mi ò balẹ̀.' 'Àyà ń já mi.' 'Nǹkan ń rìn lórí mi.' Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn kékeré, wọ́n á fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, wọ́n á ní kó máa lọ. Ọdẹ orí ni àwọn oníṣègùn wa ń pe irú rẹ̀: ohun tó ń rìn lábẹ́ agbárí, ariwo nínú etí, ara tó ń gbóná, oorun tí kò wá. Nígbà tí Makanjuola ṣe ìwádìí lé e lórí, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1987, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọdẹ orí ló jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àìfọkànbalẹ̀ ló ń dà wọ́n láàmú.

Nísinsìnyí, ibi tó dun ni wá. Ààbà. Àwọn àgbà lò ó, Prince sì rí i. Wọ́n ní kí asínwín má baà sá wọ igbó tàbí pa ara rẹ̀ lára ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àjọ Human Rights Watch gbé jáde ní 2019 kì í ṣe ti ọjọ́ méjì mẹ́ta: àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so mọ́lẹ̀ fún oṣù, fún ọdún, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé àwọn mùsùlùmí, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba pàápàá. Àwọn kan láàárín wa ń sọ pé ṣebí kì í ṣe àwa nìkan. Òótọ́ ni, kì í ṣe àwa nìkan. Ṣùgbọ́n àwa la ní Ifá tó ka wèrè mọ́ Àrùn, tó sì ya Ẹ̀wọ̀n sọ́tọ̀. Awo tó bá so aláìsàn mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ti kó o fún ajogun mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn wà, wọ́n sì ti dán an wò. Oyè Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní agbègbè Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá aláìsàn ní ilé oníṣègùn àti ilé àdúrà tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń fún wọn ní oògùn, wọ́n sì ń tọ́jú àìsàn ara tí wọ́n bá bá lára wọn. Onílé ò dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Àwọn àṣà tó lè pani lára ni wọ́n jọ jókòó sọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn aláìsàn yìí yá ju ti àwọn tí kò sí nínú ètò náà lọ. Nǹkan tí Lambo ṣe ní 1954 nìyẹn, àmọ́ nílé tiwa lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n gbé abiyamọ kan wá sílé wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe tòun. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ní àwọn ayé ni. A dá'fá, àrùn ló wá. Ìyánífá ilé wa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná janjan. Ó bi í léèrè ohun tí obìnrin ń bi obìnrin, ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lára rẹ̀ ń rùn. Ilé ìwòsàn la kọ́kọ́ gbé e lọ lóru ọjọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ ń bèèrè pé, 'Bàbá, ẹ ò wá ní ṣe tiyín ni?' A ní, 'Ọmọ mi, èyí náà wà nínú tiwa.' Ilé ọmọ rẹ̀ ló ti kẹ́gbin. Nígbà tí wọ́n dé, a ṣe ètùtù tó kù. Ó ti ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú nígbà yẹn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin wèrè tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916. Ẹ̀yin awo tí ẹ ń tọ́jú àrùn orí, ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀ kà, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ yín kà á fún yín. Bákan náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀bú, ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, bí ẹ bá mọ orúkọ àrùn orí tí a ò dárúkọ níbí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú, kí ẹ sì ṣàlàyé bí àwọn àgbà ṣe ń dá a mọ̀ lára.