Orí Kan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ àti Ìlúpéjú

Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gún, kí ọpọlọ tó gbọ́, ẹsẹ̀ ti fò sókè. Mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn ni ó ti pàṣẹ. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé orí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe ìlú: baálé ń parí ìjà agboolé, èyí tí ó bá jù ú lọ ni ó ń dé ààfin.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó gba ọgbọ́n yìí. Ní 1959, ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo kan ní Port Arthur, Amẹ́ríkà, a fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo darí iṣẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n bí irú orí kan bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, gbogbo ẹ̀rọ tí ó gbójú lé e di ọmọ òrukàn. Ní 1975, Honeywell ti Amẹ́ríkà àti Yokogawa ti Japan pín àṣẹ náà: kọ̀ǹpútà kéékèèké púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ ìwọ̀nba ẹ̀rọ tirẹ̀, tí wáyà sì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún kan náà ni James Albus, ará Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé ọ̀nà ìdarí ẹ̀rọ kan jáde, èyí tí ó wo apá ọpọlọ tí ń tọ́ ìrìn wa ṣe.

Nílé wa ńkọ́? Kí òmìnira 1960 tó dé ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà; Ìlúpéjú tẹ̀lé e. Nígbà tí ó di 1969, a ṣí ìsédò Kainji. Iná ibẹ̀ àti ti ibòmíràn wọ inú okùn kan, Òṣogbo ni a sì ti ń ṣọ́ ọ. Bí okùn náà bá wó, láti Sókótó dé Èkó ni òkùnkùn ń ṣú. Kò ní pẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí hó ní Ìlúpéjú, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Ṣebí pípín àṣẹ náà nìyẹn?” Rárá o. Iná tí ó ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹnìkan kì í ré ògiri kọjá dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí kò ní. Ọ̀pọ̀ orí ni, ṣùgbọ́n wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa pèsè iná tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ yín nìyí: ẹ má ṣe jẹ́ kí a kàn sọ orí kan di ọgọ́rùn-ún orí tó yadi. Ẹni tí ó sọ àdúgbò náà ní Ìlúpéjú ti sọ ọ́ tán: kí a pín iṣẹ́, kí a sì péjú.